Ẹsẹ̀ Mi Lábẹ́ Tábìlì Ládòkun

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Ládòkun pe ọmọ mi lólè. Kò pè é bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ o. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ ní Ṣakí, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò, ó sì ń pariwo pé Misturat gbìmọ̀ pọ̀ mọ́ oníbàárà láti kó owó òun lọ. Ìwé-ẹ̀rí pólì tó ti gbà lọ́wọ́ ọmọ náà lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́, ó ní òun ò ní dá a padà. Bẹ́ẹ̀ Misturat ti rí ààyè gbà láti padà sí pólì, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ rí ìwé-ẹ̀rí yẹn gan-an. Ẹ̀dà kọ́ o, ojúlówó.

Èmi ni Àwáwù, ìyá Misturat. Aṣọ òkè ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń jókòó nídìí òfì. Wọ́n ní ẹnu mi mú, mo sì gbà. Ẹni tí Ọlọ́run fún lọ́mọ kan ṣoṣo, tí ẹnu ẹ̀ ò bá mú, kí ló fẹ́ fi gbà á sílẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni Misturat dé bá mi nídìí òfì pẹ̀lú báàgì kan. Ó rò fún mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ṣé o mú un?"

Ó wò mí. Kò sunkún. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó mú korobá, ó lọ pọnmi. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ìyá tí kò ní béèrè. Mo sì ń hunṣọ mi lọ.

Nígbà tí a jẹun tán nírọ̀lẹ́, mo ní kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ yẹn fún mi dáadáa. Mùsùlùmí ni wá, tẹ́tẹ́ ò wọ ilé wa rí. Nígbà tó gba iṣẹ́ níbẹ̀, odindi oṣù kan ni mo fi bínú sí i, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ò sí, àwọn tó yẹ kó fún un níṣẹ́ sì ń sọ fún un pé kó lọ, kó bọ̀. Ládòkun ṣọ́nà nílé tẹ́tẹ́ ńlá kan ní Kùtọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé. Ó gbé tábìlì aláṣọ àwọ̀ ewé bọ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó bá di ọ̀gá. Iṣẹ́ Misturat ni láti máa pín káàdì.

"Màámi, mọ́kànlélógún la ń pe eré náà," ó wí. "Èèyàn á máa gba káàdì títí á fi súnmọ́ mọ́kànlélógún, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá a. Eré ńlá nìyẹn. Àmọ́ eré kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ là ń pè é. Kí n tó pín káàdì, ẹ ó sọ bóyá káàdì méjì àkọ́kọ́ yín, tí wọ́n bá papọ̀, á ju mẹ́tàlá lọ tàbí kò ní tó o. Bó bá jù ú lọ, òkè nìyẹn. Bí kò bá tó o, ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba ìlọ́po méjì ohun tó fi lélẹ̀."

"Bó bá wá jẹ́ mẹ́tàlá géérégé ńkọ́?"

"Ọ̀gá ló ni ín."

"Ọ̀gá òṣì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá sọ ti ọkùnrin kan tó ti Parakú wá, tó wọ jígí ojú, tí kì í mu ju máàtì lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó nídìí tábìlì Misturat. Nínú eré ńlá, kò jẹ, kò pàdánù. Ẹ̀gbẹ́ ló fi kó owó Ládòkun lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ pátápátá.

"Ọ̀gá kọ́ wa pé ká máa ṣọ́ àwọn tó ń ka káàdì nínú eré ńlá," Misturat wí. "Ẹni tó bá ń fi owó kékeré ṣeré, tó wá ṣàdédé gbé owó ńlá kalẹ̀, ká pe òun. Àmọ́ ó ní ẹ̀gbẹ́ ò ṣe é kà, pé orí lásán ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣọ́ ọkùnrin yẹn. Ìgbà tí owó tán ló wá ní bí kò bá jẹ́ pé mo ń fi káàdì hàn án, kò lè rí i jẹ. Màámi, ọkùnrin yẹn kì í gbé owó gidi lé ẹ̀gbẹ́ àfi tí káàdì bá ti fẹ́ tán."

Mo gbé ife omi sílẹ̀. "Àwọn káàdì tí ẹ bá ti lò, ṣé ẹ máa ń dà á padà sáàárín èyí tó kù?"

"Rárá. Ọ̀tọ̀ là ń kó o sí. Ìgbà tó bá ku díẹ̀ la tó ń pò ó pọ̀."

Ẹ wò ó, ẹ̀rín ni mo bú sí. Bí mo bá kó kẹ̀kẹ́ òwú funfun ogún àti pupa ogún sínú apẹ̀rẹ̀, tí mo sì ti yọ funfun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síta, ṣé ó tún yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé pupa ló kù nínú rẹ̀ jù? Bí àwọn káàdì kékeré bá ti tán nílẹ̀, káàdì ńlá ló kù, káàdì ńlá méjì á sì ju mẹ́tàlá lọ. Bí ńlá bá tán, ilẹ̀ ló kù. Ká tilẹ̀ sọ òótọ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn rọrùn láti kà ju eré ńlá lọ, torí ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè. Ọkùnrin onímáàtì yẹn kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀. Ó ní ojú, ó sì ní sùúrù.

"A jọ ń lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," mo wí. "Lọ wá páálí káàdì méjì tó pé."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò rọrùn fún mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Misturat jókòó sórí àpótí níwájú òfì, ó ń pín káàdì, èmi ń fi ẹnu kà á. Láti oókan, tí wọ́n ń pè ní éèsì, dé ẹẹ́rin ni mo pè ní kékeré. Ẹ̀wá àti àwọn tí wọ́n ya àwòrán èèyàn sí, tí àwọn náà ń jẹ́ ẹ̀wá, ni mo pè ní ńlá. Àwọn tó wà láàárín, mi ò kà wọ́n. Mo ń bá a bọ̀ dáadáa títí Jẹ́ẹ́dé, tí ilé òfì tiẹ̀ kángun sí tèmi, fi yọjú.

"Ìyá Misturat, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Kí ni kí n ṣe? Kí n má jẹ́ ẹ? Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, ilé ńkọ́?" Ó ní àlàáfíà ni, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọjà. Kó tó kọjá, gbogbo ohun tí mo kà ti fò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí kò bá jẹ́ ìkíni, wọ́n á ní ó ti ya wèrè tàbí ó ti lówó.

Lọ́jọ́ Rú, inú bí mi, mo padà sídìí aṣọ mi. Mò ń hunṣọ, mò ń bá Jẹ́ẹ́dé sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, mò ń bá ẹlẹ́kọ ná ọjà, ẹsẹ̀ mi sì ń tẹ igi òfì, ọ̀tún, òsì, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dá ọwọ́ dúró. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Misturat, gbé káàdì wá!" Mo bọ́ bàtà. Bí káàdì kékeré kan bá jáde, mo sún ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú níwọ̀n ìka kan. Bí ńlá kan bá jáde, mo fà á sẹ́yìn níwọ̀n ìka kan. Bí ẹsẹ̀ bá ti lọ jìnnà síwájú, òkè. Bó bá ti wọ abẹ́ ìjókòó, ilẹ̀. Kí ayé wá kí mi nígbà náà! Mo jẹ́ gbogbo ìkíni wọn, ẹsẹ̀ mi ò gbàgbé nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí a kírun Àìlà tán, a dé Ṣakí. Ogójì kóró kajú ni mo dì sínú ọ̀rá. Mi ò ní fi owó ta tẹ́tẹ́ nítorí Ládòkun.

Ó jókòó síwájú ilé, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó mẹ́wàá wà níbẹ̀. "Ìyá Misturat, ẹ káàbọ̀," ó wí. "Mo mọ̀ pé ẹ máa wá gbèjà ọmọ. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni mo mú wá," mo wí, mo gbé ọ̀rá sókè. "Kajú ni. Ọ̀gá Ládòkun, ẹ ní ẹ̀gbẹ́ ò ṣe é kà, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹni tó ń pín káàdì ló ràn án lọ́wọ́. Èmi ní ó ṣe é kà. Ẹ mú káàdì yín, ẹ mú ẹni tó wù yín kó pín in. Ogójì kajú nìyí. Bí ẹ bá pò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, tí kajú mi ò di ọgọ́rin, ẹ fi ìwé-ẹ̀rí yẹn dáná. Bó bá di ọgọ́rin, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ sì bẹ ọmọ mi níbí, lójú àwọn tẹ́ ẹ ti pè é lólè."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ìbá lé mi lọ, àmọ́ àwọn ọlọ́kadà ti ń pariwo, "Ọ̀gá, ẹ gbà! Àbí ẹ̀rù ń bà yín?" Ó bá gbà, ó ní kí wọ́n lọ ra kajú wá fún ilé.

Ó ní kí Misturat dúró lóde lẹ́nu fèrèsé, kí gbogbo èèyàn máa rí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin mìíràn tó ń jẹ́ Faith ló ní kó pín káàdì. Ó ní kí n bọ́ òrùka, mo bọ́ ọ. Ó ní kí n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, mo fọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe Ọdẹmúyìwá, àgbà ọdẹ kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lódìkejì títì.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé oògùn wà lára obìnrin yìí?"

Bàbá yí mi ká lẹ́ẹ̀kan. "Ebi ló wà lára ẹ̀," ó wí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan fún mi ní búrẹ́dì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọlọgbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ládòkun ní mi ò gbọdọ̀ dákẹ́. Ó ní bí mo bá dákẹ́, mo lè máa pọfọ̀ nínú, mo sì lè máa ka káàdì nínú. Kí n máa sọ̀rọ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin! Èmi, Àwáwù, ni wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀! Mo ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá," mo sì bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí òwú ṣe wọ́n. Mo sọ ti títì Ìsẹ́yìn sí Ṣakí tó fẹ́ pa wá. Mo bi Ládòkun pé ta ló rán ṣòkòtò rẹ̀, pé ó jọ pé ẹni náà ń bínú sí i. Faith ń pín káàdì fún èmi àti ilé, ẹsẹ̀ mi ń lọ, ó ń bọ̀. Kajú kọ̀ọ̀kan ni mò ń fi lélẹ̀, torí ẹsẹ̀ mi ò tíì sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un pò, ogójì ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ẹ máa kà á lọ, Ìyá," Ládòkun wí. "Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ kà á tán."

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ mi padà sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ mi fi kan igi àga. Àwọn ńlá ti lọ. Mo ti pàdánù méjì sí i nígbà náà. Mo ní, "Ilẹ̀!" mo da kajú mẹ́wàá kalẹ̀. Faith ṣí eéje. Ó ṣí ẹẹ́fà tẹ̀ lé e. Mẹ́tàlá géérégé.

Ariwo sọ! Ládòkun jó. Ó jó o, ó fi fìlà gbá itan. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ torí mi ò gbọdọ̀ dákẹ́, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Kíkà ò sọ pé èèyàn ò ní pàdánù. Ìgbà tó yẹ kéèyàn na ọwọ́ ló ń sọ. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ọ láàárín ẹ̀rín yẹn? Mo wo fèrèsé. Misturat gbé ọwọ́ méjèèjì lé ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, kò wo káàdì rárá. Èmi ló ń wò, gẹ́gẹ́ bó ṣe wò mí lọ́jọ́ Ajé.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lójú kan. Mo ń fi kajú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ títí ó fi ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọlọ́kadà kan ti jáde lọ gbé èrò.

Wọ́n pò ó lẹ́ẹ̀kẹrin. Éèsì jáde, eéjì jáde, ẹẹ́ta, ẹẹ́ta, éèsì, ẹẹ́rin. Kajú kọ̀ọ̀kan tí mo fi lélẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò yí padà. Mò ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Jẹ́ẹ́dé, bí òjò ṣe ba jọ̀lọ́ọ̀fù jẹ́, ẹsẹ̀ mi sì ń lọ. Káàdì ń tán, ẹsẹ̀ mi ń lọ, títí àtàǹpàkò mi fi kan igi tó di ẹsẹ̀ tábìlì mú ní ìsàlẹ̀. Kò tíì lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ rí, kódà ní Ìsẹ́yìn.

"Òkè," mo wí. Mo da gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kalẹ̀.

Ọba, pẹ̀lú ẹẹ́sàn-án. Ó di ọgbọ̀n.

"Òkè." Mo da mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kalẹ̀. Ẹ̀wá, pẹ̀lú ayaba. Ó di márùndínlọ́gọ́ta.

Ẹ̀rín ti tán nílé. Àwọn tó jáde ti sáré wọlé. Ládòkun ní kí Faith po káàdì, gbogbo wọn pariwo pé kò tíì tó àsìkò. Ẹsẹ̀ mi ti fà sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ ó ṣì wà níwájú. Mo da ọgbọ̀n kalẹ̀. Faith ṣí káàdì àkọ́kọ́. Ẹẹ́jọ. Ó dúró. Ó ṣí èkejì, ọba.

"Márùndínláàádọ́rùn-ún!" ọlọ́kadà kan pariwo, ó fo sókè.

"Oògùn ni!" Ládòkun ké. "Ẹ mú un, oògùn ni!"

Ọdẹmúyìwá ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ládòkun, ó pàdánù kajú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójú gbogbo wa. Oògùn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bó bá jẹ́ oògùn ni, ẹ ní kó lọ gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é."

Mo dìde, mo ká aṣọ tábìlì kúrò nísàlẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ mi. "Oògùn mi rèé," mo wí, mo na ẹsẹ̀ lásán sí wọn. "Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Láti oókan dé ẹẹ́rin, ẹ sún ẹsẹ̀ síwájú. Ẹ̀wá àti àwọn alàwòrán, ẹ fà á sẹ́yìn. Ẹ má gbé owó kalẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín á fi lọ jìnnà." Mo tún un sọ. Mo ní kí Faith ṣí káàdì kí wọ́n dán an wò. Àwọn ọlọ́kadà bọ́ bàtà! Ẹ wá wo géńdé ọkùnrin tó ń sún ẹsẹ̀ síwájú sẹ́yìn nínú erùpẹ̀, tí wọ́n ń jiyàn pé, "Ìyẹn ẹẹ́rin ni, sún un!"

"Ó tó!" Ládòkun wí. "Ìyá Misturat, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Ẹ fẹ́ ti ilé mi pa." Ó wọ inú yàrá, ó mú àpòòwé kan jáde, ó tì í sí mi lọ́wọ́. Mo wò ó dáadáa. Orúkọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," mo wí. "Ẹ bẹ̀ ẹ́."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀. "Èmi? Ọmọ tí mo lè bí? Mo ti dá ìwé padà. Níbo lẹ ti rí i kí àgbà máa bẹ ọmọdé?"

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i. Ọdẹmúyìwá pàápàá wo ilẹ̀. Wọ́n gbà pé kí n fi mọ bẹ́ẹ̀, pé ó ti tó. Mo la ẹnu láti bú u, ọ̀rọ̀ ò jáde. Torí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ti jọ jẹun, a ti jọ pín káàdì, a ti jọ wọ ọkọ̀ kan náà, ẹnu tó mú yìí kò tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ yẹn nípa ohun tó bi í. Mo ń retí kí ọ̀rọ̀ náà gbó fúnra rẹ̀. Torí àgbà ni mí.

Mo jáde síta, mo lọ bá a lẹ́nu fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Misturat," mo wí, mo sì jẹ́ kó dé etí gbogbo wọn, "lọ́jọ́ tó o dé, mo bi ọ́ pé ṣé o mú un. Èmi tí mo bí ọ. Kí Ládòkun tó ṣe é tán, èmi náà ti ṣe é. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ah! Màámi! Ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò." Mo yíjú sí Ládòkun tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti bẹ tèmi. Kò pa mí. Àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

Ó wo àwọn ọlọ́kadà. Kò sẹ́ni tó ń wo ilẹ̀ mọ́, òun ni gbogbo wọn ń wò. Ó ṣí fìlà. "Misturat," ó wí, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, "má bínú. O ò jalè."

"A ò gbọ́ o," mo wí.

Ó tún un sọ, lóhùn tó fi pè é lólè.

Misturat kò tilẹ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ní, "Ó ti tán, Màámi. Ẹ dìde." Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kú. Ọmọ mi ló gbé mi dìde.